Ìwọ̀fà Ìjọba: Gbèsè Orílẹ̀-èdè, Ètò Ìsúná àti Ìtọ́jú Aláìsàn ní Agbègbè Lekki àti Ajah

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ọbáléńdé tí ó ń lọ sí Ajah yóò gba ibodè Admiralty kọjá, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Bí ó bá lọ títí tí ó fi dé agbègbè Ajah, yóò bá ilé ìtọ́jú aboyún àti ọmọdé ti Etí-Ọ̀sà níbẹ̀. Ilé náà ní ibùsùn 110, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ni ó sì ṣí i ní ọdún 2020. Ọrùn ìlú ni ìnáwó méjèèjì wà. Ọ̀kan, wọ́n kọ́ ọ kí ó lè máa pa owó wọlé. Èkejì, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ni ó ti ń jẹ owó: owó oṣù nọ́ọ̀sì, owó oògùn, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá, owó omi.

Bí a bá bi ẹni tí ó mọ ìṣirò ṣùgbọ́n tí kò mọ ìlú pé èwo nínú méjèèjì ni ó lè ti ìjọba sínú gbèsè, kò ní pẹ́ kí ó tó nawọ́ sí ilé ìwòsàn. Ìdáhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. A ó ṣàlàyé bí owó tí ìjọba ń ná lórí ìlera ṣe ń wọ inú ètò ìsúná, bí ó ṣe lè di gbèsè bí ọdún ti ń gorí ọdún, àti bí gbèsè fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà tí ó ń jẹ owó ìlera. Èrò wa ni pé ní Nàìjíríà, apá kejì yìí ni ó wúwo jù. A sì gbà pé owó ìlera tí ìjọba kò ná kì í ṣe owó tí ó fi pamọ́. Gbèsè ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé ìjọba kankan.

Ìwọ̀fà àti Èlé

Àwọn baba wa mọ gbèsè dáadáa. Kí ìjọba òyìnbó tó fi òfin fòpin sí i, ẹni tí ó bá yá owó lọ́wọ́ olówó lè fi ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ pàápàá ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà yóò máa ṣiṣẹ́ ní oko olówó ní àwọn àkókò tí wọ́n bá dá fún un. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín owó náà kù. Èlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó lo ogún ọdún lóko olówó, owó tí baba rẹ̀ yá kò dín ní ẹyọ kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí odindi owó náà san ni yóò tó gba ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè dàgbà, kí ó fẹ́yàwó, kí irun rẹ̀ sì funfun lẹ́nu iṣẹ́ ìwọ̀fà.

Owó tí ìwé ìsúná ìjọba ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí a jẹ ní gbèsè kò jìnnà sí iṣẹ́ ìwọ̀fà. Èlé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a sì tún máa ń yá owó mìíràn láti fi san èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé àbá ìsúná ọdún 2025 síwájú àwọn aṣòfin. Gbogbo ìnáwó inú rẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 47.90 náírà. Tírílíọ̀nù 15.81 ni a yà sọ́tọ̀ fún gbèsè, tírílíọ̀nù 2.48 ni ó kan ìlera. Àwọn iye wọ̀nyí yí padà kí àbá náà tó di òfin, ṣùgbọ́n ìrísí wọn kò yí padà. Bí àbá náà bá ti fún ìlera ní náírà kan, ó ti fún àwọn olówó-èlé ní náírà mẹ́fà lé díẹ̀. Ìdá márùn-ún lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìlera.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé Àbújá ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti péjọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbà wọ́n lálejò, tí wọ́n sì ṣèlérí pé ó kéré tán, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná ọdọọdún yóò máa jẹ́ ti ìlera. Onílé tí ó gbàlejò kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ lọ́dún kankan. Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó lówó ju gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù lọ náà kò yàtọ̀ púpọ̀: nínú ìsúná rẹ̀ ti ọdún 2025, tí ó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà, nǹkan bí bílíọ̀nù 204 ni ó jẹ́ ti ìlera, èyí tí ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí ó gba ìdá márùn-ún kò lè jẹ́ òun ni ó da ẹrù náà lé wa lórí. Gbèsè orílẹ̀-èdè yìí, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ papọ̀, jẹ́ tírílíọ̀nù 87.38 náírà ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ní ìparí ọdún 2024, ó ti di tírílíọ̀nù 144.67. Kì í ṣe gbogbo àfikún yìí ni a yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Gbèsè tí a jẹ ní dọ́là kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n náírà tí a ó fi san án ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ìjì kan náà ni ó fẹ́ lu ilé oògùn, nítorí òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú oògùn àti èròjà rẹ̀ ti ń wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó ń lo fèrè ikọ́ ẹ̀fúùfù ní Ṣàngótẹ̀dó mọ ohun tí ìkéde náà túmọ̀ sí kí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Níbi tí Ìlera ti ń Dá Gbèsè Sílẹ̀

Kí a má baà rò pé ẹ̀rù tí àwọn kan ń bà nípa ìnáwó ìlera kò nídìí, ó yẹ kí a dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1965, ní àkókò Ààrẹ Lyndon Johnson, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa gbé ìtọ́jú àwọn tí ó bá ti pé ọdún 65. Medicare ni wọ́n ń pe ètò náà. Àwọn ọmọ tí a bí yanturu lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í pé ọdún 65 ní ọdún 2011. Àwọn àgbà ń pọ̀ sí i, ẹ̀mí wọn ń gùn sí i, oògùn àti iṣẹ́ abẹ sì ń wọ́n sí i. Òfin kò fi òdiwọ̀n sí iye tí a lè ná: ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tọ́ sí, wọn yóò tọ́jú rẹ̀, wọn yóò sì wá owó náà. Bí owó orí kò bá tó, wọn yóò yá a. Ní ọdún ìsúná 2024, èlé tí ìjọba Amẹ́ríkà san lórí gbèsè ju owó tí wọ́n ná lórí ọmọ ogun lọ. Àwọn olùṣirò wọn ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ìlera àti owó ìfẹ̀yìntì ni yóò máa ti gbèsè náà sókè bí ọdún ti ń lọ.

Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni irú ìlérí tí wọ́n ṣe. Owó tí òfin ti sọ di dandan kì í dúró de aṣòfin. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni a ń tún owó ìlera jíròrò. Bí a bá tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó tún ku kí wọ́n tú u sílẹ̀. Àpẹẹrẹ kan wà tí a kò lè gbójú fò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè. Òfin náà sọ pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọdọ̀ máa lọ sínú àpò àkànṣe kan fún ìtọ́jú alábọ́dé. Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ fara hàn nínú ìsúná. Òfin dandan lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń yáwó kí aláìsàn má baà jókòó sílẹ̀, àwa ń jẹ́ kí aláìsàn jókòó sílẹ̀ kí ìsúná lè gún. Ará Ajah tí ó padà sílé láìrí oògùn gbà ni ìjánu tí ó ń dá ìnáwó náà dúró.

Ilé Jákàńdè àti Ìwòsàn Ọ̀fẹ́

Orúkọ Jákàńdè kò ṣàjèjì sí ará Lekki. Ibùdókọ̀ ń jẹ́ ẹ. Àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ó wà ní Ìlasàn náà ń jẹ́ ẹ. Agbègbè yẹn ni a kó díẹ̀ lọ nínú àwọn tí ìjọba lé kúrò ní Màrókò ní oṣù Keje ọdún 1990. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ yìí lè má mọ̀ ni pé orúkọ náà so mọ́ ìlérí ìlera tí ó gbòòrò jù lọ tí ìjọba kan tíì ṣe ní Èkó. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1979 tí Alhaji Lateef Jákàńdè ti di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin tí ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ètò rẹ̀ kà.

Orí kí ni ìlérí náà dúró lé? Owó epo rọ̀bì tí ìjọba àpapọ̀ ń pín ni orísun ńlá. Nígbà tí iye epo bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lágbàáyé lẹ́yìn ọdún 1981, Ààrẹ Shehu Shagari gbé òfin ìfúnlára lórí ìnáwó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, ohun tí ó ń kan ìpínlẹ̀ sì dín kù. Ọ̀fẹ́ kò kúrò lẹ́nu. Oògùn ni ó kúrò lórí àtẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 tí àwọn ológun gbàjọba, Ọ̀gágun Sani Abacha sọ lórí rédíò pé ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè yìí ti di ibi tí wọ́n kàn ń yẹ aláìsàn wò láìsí oògùn. Lóòótọ́, ẹni tí ó fẹ́ gba ìjọba ni ó ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kò sí aláìsàn tí ó jà á níyàn.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé owó tí Jákàńdè ná lórí ìlera ni ó da gbèsè wa sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlérí ọlọ́dún gbọọrọ dúró lé owó tí ó ń lọ sókè sódò, láìsí àpò tí a fi pamọ́ de ọjọ́ ọ̀dá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mú ẹkún sun.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀fà gan-an. Ní ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ìlú mọ̀ sí SAP. Àwọn tí a jẹ ní gbèsè fẹ́ kí ìjọba dín ìnáwó kù kí ó lè rí owó san. Ní àkókò yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì tí ó jẹ́ mínísítà ń tan ìtọ́jú alábọ́dé ká àwọn ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni ó sì ṣe. Ṣùgbọ́n sísan owó kí a tó rí oògùn di àṣà ní ilé ìwòsàn ìjọba láti ìgbà yẹn, a kò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀.

Gbèsè tí ó fa èyí kò dúró sójú kan. Èlé àti owó ìtanràn lórí èyí tí a kò rí san ń gorí rẹ̀ títí tí ó fi ju ọgbọ̀n bílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ Paris nìkan. Ní ọdún 2005, lẹ́yìn àjọsọ tí Ọbásanjọ́ àti Ngozi Okonjo-Iweala ṣagbátẹrù rẹ̀, wọ́n fi nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá. A san nǹkan bí bílíọ̀nù 12, ó sì parí ní oṣù Kẹrin ọdún 2006. Èyí ni ibi tí ìtàn yìí ti dára jù. Owó tí à bá máa kó fún olówó lọ́dọọdún, ìjọba ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera, ẹ̀kọ́ àti omi. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti gba àwọn agbẹ̀bí, títí kan àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìlera ìgbèríko láti ọdún 2009. Ẹ̀rí nìyí pé nígbà tí ìwọ̀fà bá gba ara rẹ̀, oko tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ro. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tí ètò náà yóò fi di nǹkan bí ọdún 2015, owó rẹ̀ ti gbẹ, àwọn agbẹ̀bí náà sì fọ́n ká.

Títì àti Ilé Ìwòsàn

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibodè àti ilé aboyún tí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lé ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, pé kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa fi owó ibodè san gbèsè rẹ̀. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà yá wọn ní mílíọ̀nù 85 dọ́là ní ọdún 2008. Ètò tí yóò san owó ara rẹ̀ ni wọ́n pè é. Àwọn ará Lekki fi ẹ̀hónú hàn nígbà tí gbígba owó náà bẹ̀rẹ̀. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ra ẹ̀tọ́ náà padà, tí gbèsè rẹ̀ sì di ti ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn tí ìbọn dún ní ibodè náà ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, gbígba owó dáwọ́ dúró. Gbèsè kò dáwọ́ dúró. Dọ́là ni wọ́n fi yá apá kan rẹ̀, náírà ni onímọ́tò ń san.

A kò sọ èyí láti bu títì náà kù. Gbogbo wa ni à ń gbà á. Ohun tí à ń fà yọ ni pé ohun tí ìwé sọ pé yóò mówó wá lè padà wá dùbúlẹ̀ sí ọrùn ìjọba. Ilé ìwòsàn ní ewu tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí èyí. Owó tí a fi kọ́ ọ ni ó kéré jù nínú ohun tí yóò jẹ. Láàárín ọdún mẹ́wàá, owó oṣù, oògùn, epo àti àtúnṣe sábà máa ń ju owó ilé náà lọ. Nínú ìwé ìsúná, owó ìkọ́lé wà ní ojú ìwé kan, owó ìṣiṣẹ́ wà ní òmíràn, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tí ó ń kọ wọ́n. Ọjọ́ ìṣílé ni àwọn olóyè, àwọn oníròyìn àti ìlù máa ń wá. Kò sí ẹni tí ó ń lu ìlù fún owó oṣù nọ́ọ̀sì.

Bí ìjọba bá yá owó kọ́ ilé ìwòsàn tí kò sì ní owó tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbèsè méjì ni ó jẹ: ti báńkì, àti ti àwọn ìyá tí yóò bá ilẹ̀kùn títì níbẹ̀. Bí ó bá sì yá owó san owó oṣù, a ń fi gbèsè ọlọ́dún mẹ́wàá ra oúnjẹ òní nìyẹn. Nínú èrò tiwa, kò yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan fọwọ́ sí ìkọ́lé ilé ìlera láìjẹ́ pé a kọ owó ìṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ owó ìkọ́lé, ní ojú ìwé kan náà. Àwọn dókítà tí à ń fi owó ìlú kọ́, tí wọ́n ń kó lọ sí Ìlú Ọba, jẹ́ ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí a fi kọ́ wọn ti wọnú gbèsè wa, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì ti di ti ẹlòmíràn.

Gbèsè tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọbáléńdé wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Lekki àti Ajah wà. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, aláìsàn Ẹbólà kan tí ó ti Làìbéríà wá ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn aládàáni kan níbẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde sínú ìlú. Dókítà náà kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, àwọn mẹ́jọ sì kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Àwọn tí ó lépa àrùn náà láti ilé dé ilé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lẹ́nu ìgbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ètò ìdarí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un náà ni wọ́n yí padà sí ti Ẹbólà. Kí ọdún 2014 tó dé, olùṣirò lè wo ìnáwó yẹn kí ó ní ó pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé Ẹbólà ráyè wọ àárín èrò ọjà Ajah tàbí Òbálendé lọ́jọ́ náà, iye tí à bá yá láti fi dá ọrọ̀ ajé Èkó padà, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rò ó fúnra rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Etí-Ọ̀sà sì wà lára ibi tí ó ti le jù. Ìjọba fura sí ohun mímu tí wọ́n ń ṣe láìforúkọsílẹ̀, pàápàá omi òfíò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ní Lángbàsà tàbí Bàdóre mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Oníkálùkù ni ó ń gbẹ́ bóòhóòlù sí ẹ̀gbẹ́ ṣọkaweè, nínú ilẹ̀ tí kò ga ju ọ̀sà lọ púpọ̀, tí àgbàrá sì ń bò ní gbogbo ìgbà òjò. Owó omi kì í wà lábẹ́ orí ìlera nínú ìwé ìsúná. Bí a bá gé e kù, àǹfààní rẹ̀ yóò hàn nínú ìṣirò ọdún yẹn. Aláìsàn tí yóò ti inú rẹ̀ jáde yóò hàn lábẹ́ orí mìíràn, ní ọdún mìíràn, bóyá lábẹ́ gómìnà mìíràn.

Èyí tí ó sì pọ̀ jù kì í hàn rárá. Nínú gbogbo owó tí ó ń lọ sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn mú jáde lápò. Ìyá kan wà tí ó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Ajah, tí a jọ mọra tipẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ bímọ, iṣẹ́ abẹ ni ó já sí. Ìyá yìí gba owó àjọ ọdún náà ṣáájú àkókò, ó ta fírísà, ó tún yáwó lọ́wọ́ àwọn olówó èlé orí fóònù. Ọmọ àti ìyá rẹ̀ yè. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún un pé gbèsè orílẹ̀-èdè ni mo ń kọ̀wé lé lórí, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi bi wọ́n, ta ni yóò kọ tèmi sílẹ̀?”

Mo ti ń ronú lórí ìbéèrè náà láti ìgbà yẹn. Láìsí fírísà, ọjà rẹ̀ dín kù sí ìdajì. Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ dín kù, ọmọ rẹ̀ kékeré sì kúrò ní ilé-ìwé aládàáni wá sí ti ìjọba. Bí a bá sọ èyí di ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a ó rí i pé owó tí ìsúná kò ná lórí iṣẹ́ abẹ náà ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé: owó orí tí kò wọlé mọ́, èyí tí ìjọba yóò tún yáwó dí.

Adójútòfò àti Àjọ

Oògùn tí ìjọba mú wá ni adójútòfò ìlera. Ètò ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀; òfin tuntun ti ọdún 2022 ni ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2015, ètò tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni Ìlera Èkó. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san lọ́dún, 40,000 sì ni ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, gómìnà buwọ́ lu àṣẹ pé dandan ni kí ará Èkó ní irú adójútòfò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ọjà máa ń fi wé àjọ, ìfiwéra náà kò sì tọ̀nà tán. Nínú àjọ, ohun tí mo dá ni n ó kó. Nínú adójútòfò, mo lè dá a fún ogún ọdún láìkó nǹkan kan, kí n sì dúpẹ́ pé n kò kó o. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti tà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ara wọn kò yá nìkan ni ó wọlé, àpò náà yóò gbẹ. Bí ìjọba bá kọ orúkọ àwọn tálákà sí i láìfi owó wọn sínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni yóò máa ṣiṣẹ́ àwìn, gbèsè náà yóò sì wà ní ibi tí àjọ tí ó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè kò ní rí i. Bí iye tí à ń dá bá sì dúró sójú kan nígbà tí oògùn ń gbówó lórí, bí ọ̀fẹ́ ìgbà Jákàńdè ṣe rí ni yóò tún rí. A fara mọ́ ètò náà, nítorí òun ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí a rí tí ó ń kó owó jọ kí àìsàn tó dé. Ṣùgbọ́n kí ìjọba kọ ohun tí ó ṣèlérí fún àwọn tálákà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí ó jẹ, kí ó sì máa san án bí ó ṣe ń san ti báńkì.

Àkókò kò dúró. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn aṣòfin Àbújá sáré fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún náà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Àjọ Gavi tí ó ń bá wa san lára owó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ti dá ọdún 2028 fún wa pé lẹ́yìn rẹ̀, àwa ni yóò máa san gbogbo rẹ̀. Ìwé ìsúná tí yóò gbé owó abẹ́rẹ́ ọ̀hún ni yóò gbé èlé náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé gbèsè tí yóò mú èlé náà wá ni a sì ti buwọ́ lù. Àwọn ọmọ tí yóò na apá fún abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìlera Ajah kò tíì dé ayé.